Kíláàsì kóòdù orí Zoom: kí lojú yín ti rí?

Tísà Àjílété
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín. Ọmọ 14 ni mò ń kọ́ ní Python, èdè tá a fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lálaalẹ́ Ọjọ́bọ̀. Tí n bá ní "ṣó yé yín?", gbogbo wọn á ní "bẹ́ẹ̀ ni sà". Lánàá mo ní kí ọ̀kan gbé ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá ká wò ó, bọ́ọ̀lù ló ń wò!

Àdùkẹ́ Sábó
Tiyín tiẹ̀ dáa, bọ́ọ̀lù kì í pariwo. Tèmi gbàgbé máìkì ẹ̀ ní ṣíṣí, mò ń ṣàlàyé loop (kóòdù tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe léraléra), òun ń fa ọbẹ̀ fùrù, ìyá ẹ̀ ní "ṣé kí n bù sí i?" Gbogbo kíláàsì ní "ẹ bù sí i, mà!"

Ọmọ Aláàfin
Àmàlà láfún ni, kò lè jẹ́ nǹkan míì. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ 😂

Àdùkẹ́ Sábó
Ará Ọ̀yọ́, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre.

Ìyá Ìbejì
Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, kì í fèsì, tí n bá ní kó fi iṣẹ́ ẹ̀ hàn á dákẹ́, mo bú u títí, mo ní ọ̀lẹ ni, ọjọ́ kan inú bí mi mo pè é, àṣé fóònù ìyá ẹ̀ tó ń ta búrẹ́dì ní Tákíé ló fi ń gbọ́ mi, oníbàárà ń pe ìyá lórí ẹ̀, àláàtì ń wọlé, kò sáyè à ń tẹ kóòdù. Ló bá ya fọ́tò ìwé ẹ̀ ránṣẹ́, ìwé 40 leaves, báírò ló fi kọ gbogbo ẹ̀, ó fi rúlà fàlà síbi tí àlàfo mẹ́rin-mẹ́rin tá a máa ń fi síwájú ìlà kóòdù yẹ kó wà.

Tẹ́lọ̀ Oníkóòdù
Haa. Ara mi bù máṣọ.

Ọmọ Aláàfin
Èmi ò tíì gbà o. Àwọn ọmọ yìí mọ irọ́ pa. Ṣé kẹ́ ẹ tó pè é ló ti kọ ọ́ ni àbí lẹ́yìn ẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Ọ̀sẹ̀ kejì, èmi fúnra mi gbàgbé colon (:) ìparí ìlà for, ìyẹn ìlà tó ń bẹ̀rẹ̀ loop. Ó wà nínú ìwé ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó fi báírò pupa yí i ká. Irọ́ nìyẹn náà?

Ọmọ Aláàfin
Ẹ má bínú, mà.

Tẹ́lọ̀ Oníkóòdù
Èmi máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣàṣìṣe ni. Màá ní range(5), tó ń ka nọ́ńbà láti 0, máa ka 5 mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ 4 ló ti ń dúró. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú mi gba káàdì ₦200. Ó ń ná mi lówó àmọ́ wọn kì í sùn.

Àdùkẹ́ Sábó
Èmi, ìṣẹ́jú 40 Zoom ọ̀fẹ́ ló ń bá mi ṣe é. Tó bá já, ká mumi ká padà.

Tísà Àjílété
Tèmi tó bá já, ìdajì ò ní padà.

Ìyá Ìbejì
Ìyá ọkọ mi gbọ́ Python, tó jẹ́ orúkọ ejò lédè òyìnbó, ó tún ní ṣé ejò ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ Aláàfin
Ṣebí ejò náà ni?

Tẹ́lọ̀ Oníkóòdù
Rárá o. Guido van Rossum tó gbé èdè Python jáde ní 1991, eré ẹ̀fẹ̀ tẹlifíṣọ̀n kan ló fi sọ ọ́, Monty Python.

Ọmọ Aláàfin
Ejò méjì wáá ń ṣe kí ni lára àmì ẹ̀?

Tísà Àjílété
Mo bèèrè ọ̀rọ̀, ejò lẹ̀ ń pa. Tẹ́lọ̀, ẹ yá mi ní ₦200 kí n fi bẹ̀rẹ̀.