Ìrora Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Jẹ̀dí: Kí La Fẹ́ Sọ fún Wọn Nílé?

Ọmọ Ìdúmàgbò, Manchester (Sátidé, alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Dókítà gé jẹ̀dí fún ẹ̀gbọ́n wa ní Èkó lọ́jọ́bọ̀, àná ni wọ́n dé ilé. Yàbá ni wọ́n wà, àbúrò ìyàwó wọn ló ń tọ́jú wọn. Wọn ò tíì yàgbẹ́ látìgbà náà, wọ́n ní àwọn ò tiẹ̀ fẹ́ yà á. Paracetamol, ibuprofen, Flagyl àti lactulose ni ọsibítù kó fún wọn, àmọ́ ìgbà tí ìrora bá wọ̀ wọ́n lára tán ni wọ́n ń wá hóró kan mì. Alájọgbélé kan sì ti gbé ìgò agbo jẹ̀dí wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, kí la fẹ́ sọ fún wọn nílé?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham (wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ)

Ẹ kú ìtọ́jú o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Orí oògùn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́. Ìrora yìí, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó dé góńgó kẹ́ ẹ tó wá nǹkan lò, oògùn á kàn máa sá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni, kò ní bá a. Aago ni kí wọ́n fi lò ó. Paracetamol 500 mg, hóró méjì, wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà: aago mẹ́fà àárọ̀, méjìlá ọ̀sán, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, méjìlá òru. Ẹ má fo ti òru o, òun làwọn èèyàn máa ń fò, òun náà ló sì ń jí wọn laago mẹ́ta. Hóró mẹ́jọ ni òpin láàárín wákàtí 24 fún àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ dá, tí kò sì tín-ín-rín jù. Ẹ yẹ inú àpò oògùn wò dáadáa, torí ọ̀pọ̀ oògùn òtútù àti kàtá ló ní paracetamol nínú, èèyàn á ti lò ó lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Ibuprofen, ẹ̀yìn oúnjẹ ni. Àmọ́ ẹ dúró ná: ṣé ẹ̀gbọ́n ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àìsàn kíndìnrín? Ṣé wọ́n ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì?

Ọmọ Ìdúmàgbò, Manchester

Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀. Lisinopril lorúkọ tó wà lára páálí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham

Kí wọ́n pe dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n dárúkọ lisinopril fún un kí wọ́n tó lo ibuprofen míì. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tórúkọ wọn parí sí "-pril" tàbí "-sartan", tí ibuprofen bá pàdé wọn nínú ara ẹni tí kò mu omi tó, kíndìnrín ló máa ń jìyà ẹ̀. Ibuprofen tún lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Dókítà lè ní kí wọ́n lò ó fọ́jọ́ bíi mélòó kan, ó sì lè fi nǹkan míì rọ́pò ẹ̀. Òun ló máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó ń dùn wọ́n pẹ̀lú, ó máa ń dín ìbẹ̀rù kù. Òkè inú ihò ìdí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora, àmọ́ awọ tó wà lẹ́nu ẹ̀ níta mọ̀ ọ́n bí orí ìka ọwọ́ ṣe mọ̀ ọ́n. Ojú ọgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í rán an pa, ńṣe ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ kó ti inú jinná bọ̀ síta. Iṣan róbótó tó ń pa ibẹ̀ dé á wá máa fún mọ́ra, bí ọwọ́ tó di nǹkan mú tí kò fẹ́ tú u. Fífún yẹn ló ń gún wọn bí ọ̀bẹ lóru, kì í ṣe ọgbẹ́ nìkan.

Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń tú u. Ẹ ra báàfù oníke tí ìdí lè wọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ má sì lò ó fún nǹkan míì. Ẹ bu omi sí i, kó jìn tó ìbú ọwọ́ kan. Ìgbọ̀nwọ́ ni kẹ́ ẹ fi yẹ ooru ẹ̀ wò, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ yẹ̀ ẹ́, torí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń dáná lójoojúmọ́ ò mọ ooru mọ́. Kí wọ́n jókòó sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, àti gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yàgbẹ́ tán. Ẹ má da Dettol sí i. Ẹ má da Izal sí i. Iyọ̀ gan-an ò pọn dandan. Mo mọ̀ pé tí ìyá àgbà kan bá wà nílé, á fẹ́ ta Dettol díẹ̀ sí i, àmọ́ á ta ọgbẹ́, á sì bó awọ tuntun tó ń hù. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde, kẹ́nì kan wà nítòsí, torí omi gbígbóná pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ́ wọn. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ ibẹ̀ gbẹ, ẹ má nù ún.

Fáámásísì Sùúrùlérè, Èkó

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n mú lactulose, torí òun ni wọ́n máa ń ṣì lò jù. Kì í ṣe oògùn ìrora, kì í sì í ṣe oògùn tó ń fọ̀ ìfun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó ń fa omi sínú ìgbẹ́ kó lè rọ̀. Ó lè tó ọjọ́ méjì kó tó ṣiṣẹ́, torí náà ẹni tó mu ún lánàá tó ní òun ò rí nǹkan kan, kó fara balẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ ni 15 ml lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Kí wọ́n fi ìdérí tó ní ìlà wọ̀n ọ́n, ṣíbí ilé ò dọ́gba. Ó máa ń mú kí inú kún fún afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ò ní kí wọ́n jáwọ́. Tí ìgbẹ́ bá wá ń ṣàn bí omi, kí wọ́n dín in kù, torí ìgbẹ́ olómi ń jó ojú ọgbẹ́ bí èyí tó le ṣe ń ya á.

Lactulose láìsí omi, asán ni. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50 cl, mẹ́rin lóòjọ́ ti di lítà méjì. Kí wọ́n to ọ̀rá mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú bá ọ̀kan níbẹ̀. (Ẹni tí dókítà bá ti dín omi ẹ̀ kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kó tẹ̀ lé ti dókítà.)

Flagyl: 200 àti 400 ló wà lórí àtẹ, ẹ ka ohun tí dókítà kọ kẹ́ ẹ tó ka hóró. Yàtọ̀ sí pé ó ń bá kòkòrò jà, ó máa ń bá wọn dín ìrora iṣẹ́ abẹ yìí kù. Ẹnu á dà bí ẹni lá irin, kò léwu. Àmọ́ ọtí ò gbọdọ̀ pàdé ẹ̀ rárá, títí di ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgò agbo yẹn ti wọlé. Ọ̀pọ̀ agbo jẹ̀dí tí wọ́n ń tà kiri Èkó, ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́.

Tí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ bá wọn wá tramadol "kó lè kú tán", ẹ má gbà, àfi tí dókítà bá kọ ọ́. Òun àti gbogbo ẹbí codeine ń so ìfun, ìgbẹ́ á le bí òkúta lọ́jọ́ kẹta. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ra oògùn kún un, kí wọ́n rà á ní ilé oògùn tó ní fáámásísì, kí wọ́n wo nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀. Ti pé ó dínwó ní Ìdúmọ̀tà ò jẹ́ nǹkan kan lásìkò yìí.

Baba Agége, Atlanta

Ẹ má bú agbo o. Òun làwọn baba wa fi ń wo jẹ̀dí kí abẹ tó dé.

Fáámásísì Sùúrùlérè, Èkó

Mi ò bú u, Baba. Ohun tí mo ń wò ni pé jẹ̀dí yẹn ti kúrò ńbẹ̀, ọgbẹ́ ló kù, agbo jẹ̀dí ò sì mọ ìyàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń mú kéèyàn yàgbẹ́ gbuuru, ọtí sì wà nínú ẹ̀. Kí ìgò náà wà lórí àga ná. Àdí àti òrí náà, kí wọ́n má fi sójú ọgbẹ́. Kí wọ́n má sì ki ohunkóhun bọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ oògùn tí wọ́n ń ki bọ̀dí tí wọ́n lò kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ.

Ìyá Kíkẹ́, Houston (olùtọ́jú iṣan)

Ìgbẹ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe ń dá a dúró yẹn ló máa dá wọn lóró. Ìfun ò yé fa omi kúrò nínú ìgbẹ́, èyí tí wọn ò yà lónìí, á gbẹ sí i lọ́la. Kí wọ́n má sì febi pa ara wọn nítorí kí ìgbẹ́ má baà wá, ó ń bọ̀ náà ni, á kàn kéré, á sì le.

Tó bá ti tó bí ìdajì wákàtí tàbí wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n lo paracetamol, tí wọ́n sì ti jẹun àárọ̀, ìgbà yẹn ni kí wọ́n wọlé, torí oúnjẹ máa ń jí ìfun. Ẹ gbé àpótí kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń jókòó dáná, síwájú ṣáláńgá alájòókòó. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e, kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí ìgbọ̀nwọ́ wà lórí itan. Ẹnu kó ṣí. Kí wọ́n máa mí jáde pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń fẹ́ iná èédú, kí ikùn wú síwájú. Kí wọ́n má pa ẹnu dé kí wọ́n wá máa fi agbára rìn ín, torí bí wọ́n bá ti ń rìn ín ni iṣan yẹn á tún fún. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Tí kò bá jáde, kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn nínú pálọ̀, kí wọ́n padà tó bá tún ń gbọ̀n wọ́n. Fóònù ò gbọdọ̀ wọlé tẹ̀ lé wọn.

Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ inú búútà ni kí wọ́n fi ṣan ibẹ̀, kì í ṣe tíṣù. Lẹ́yìn náà, báàfù tí Àǹtí sọ.

Wọn ò gbọdọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì omi, èyí tó gba lítà 25 wúwo ju kílò 25 lọ. Wọn ò sì gbọdọ̀ fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá fa okùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni rin ìgbẹ́ líle ló rí nísàlẹ̀.

Táyọ̀, Dublin

Ẹ bá wọn ra tìmùtìmù oníhò bíi dónọ́ọ̀tì.

Ìyá Kíkẹ́, Houston

Ẹ má rà á. Ibi tó dun wọ́n á fì sínú ihò náà, á tún wú sí i. Ìrọ̀rí rírọ̀ lásán tó. Ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n fi máa sùn, kí wọ́n sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé.

Ọmọ Ìdúmàgbò, Manchester

Oúnjẹ ńkọ́? Ògì nìkan ni wọ́n ń fún wọn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham

Ògì tí wọ́n ti sẹ́ èérí ẹ̀ kúrò? Èérí tí wọ́n dà nù yẹn gan-an ni ìdí ń fẹ́. Ẹ fi ìbẹ́pẹ pípọ́n, ewédú, ilá, ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì Ọ̀fàdà kún un. Ẹ̀wà dáa, àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́. Ata rodo ni kẹ́ ẹ dín kù fún ọ̀sẹ̀ méjì, bó ṣe ta lẹ́nu nígbà tó wọlé náà ló máa ta nígbà tó bá ń jáde. Ṣúgà tí wọ́n ń pariwo pé ó ń fa jẹ̀dí kọ́ ni ìṣòro wa; rírin ìgbẹ́ líle ni.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, kó tó dé: díẹ̀ lára páàdì, tàbí ìkán bíi mélòó kan nínú ìgbẹ́, kò burú. Omi ọgbẹ́ á máa ṣe díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, páàdì obìnrin ni kí wọ́n tẹ́ sínú pátá, kì í ṣe òwú, òwú ń lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ọ̀sẹ̀ kejì dáadáa. Láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹrìnlá, èépá máa ń ṣí, ẹ̀jẹ̀ gidi sì lè dé nígbà tí kálukú ti rò pé ó ti parí. Tó bá ń ṣàn tí kò dáwọ́ dúró, tó di odindi ẹ̀jẹ̀ dídì, tó rin páàdì láàárín wákàtí kan, tàbí òòyì ń kọ́ wọn, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọn ò bá lè tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, tí ara bá gbóná, tí ọyún bá ń jáde, tàbí tí ìrora tó ti ń rọlẹ̀ bá tún le. Ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà ò jìnnà sí Yàbá, kí wọ́n má bọ́ sórí afárá Third Mainland nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì Èkó.

Ọmọ Ìdúmàgbò, Manchester

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan kù. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn wá síbí, ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló bọ́ sí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham

Ọjọ́ kejìlá wà láàárín ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yẹn. Wákàtí mẹ́fà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú òfuurufú láti Èkó sí London, ibi tí kò sí dókítà iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n sún un síwájú, ó kéré tán di ìgbà tí dókítà bá ti yẹ ọgbẹ́ wò, kí wọ́n sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú. Owó ìyípadà tíkẹ́ẹ̀tì ò tó owó kí wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù níbi tí wọn ò mọ̀.

Ọmọ Ìdúmàgbò, Manchester (Mọ́ńdè, àárọ̀)

Wọ́n ti yà á! Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní ó dùn fún bí ìṣẹ́jú méjì, omi báàfù sì gbà á. Dókítà ti ní kí wọ́n fi ibuprofen sílẹ̀. Wọ́n ń bi mí bóyá kí wọ́n dá lactulose dúró.

Fáámásísì Sùúrùlérè, Èkó

Rárá o! Kí wọ́n máa mu ún lọ títí dókítà fi máa tún rí wọn. Ìgbẹ́ kejì àti ìkẹta ló ń bọ̀ yìí. Ṣé wọ́n ti mu omi ti òní?