Pápá kríkẹ́ẹ̀tì abúlé wo ni kí n tún mú ìyá mi lọ?

Ọmọ Olúmọ:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà nílùú ọba. Gloucester ni mò ń gbé. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló ní kí n wá wo kríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, lábúlé Sheepscombe ní Sátidé tó kọjá. Mo mú màámi dání, tí wọ́n wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin ará, ẹ̀gbẹ́ òkè ni pápá ọ̀hún wà! Ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òrùlé. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀, fìlà rẹ̀ la kọ́kọ́ rí, ó kan èjìká, kó tó di pé gbogbo ara rẹ̀ yọ sí wa. Màámi pàtẹ́wọ́: "Àfi bí ẹni tó ń ti inú ilẹ̀ jáde!" A ò mọ òfin eré náà, síbẹ̀ wákàtí mẹ́ta la fi jókòó.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé wọn ò sọ ilẹ̀ náà di pẹrẹsẹ. Bí wọ́n ṣe bá a ni wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Oṣù kẹjọ ni màámi máa padà sílé. Ibo ló tún rí báyìí?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ wá sí Mitcham, ní gúúsù London. Abúlé ni kí London tó gbé e mì, láti 1685 ni wọ́n sì ti ń gbá kríkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Títì ló là á láàárín pápá àti ilé tí wọ́n ti ń múra. Ẹni tó bá kàn á di timùtimù mọ́ ojúgun, á gbé igi rẹ̀ dání, á wá dúró kí ọkọ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ dúró fún ọ̀kan nínú wọn. Dẹ́rẹ́bà juwọ́ sí i.

Ará Devon:
Lynton ni o. Inú àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Valley of Rocks ni pápá wọn wà, létíkun àríwá Devon. Àpáta ló yí i ká, òkun wà lẹ́yìn àpáta, àwọn ewúrẹ́ igbó oníwo gígùn sì ń jẹ̀ kiri níbẹ̀. Ẹni tó ti abẹ́ Olúmọ wá ò ní ṣàjèjì níbẹ̀.

Tádé:
Ní Elie, ní Scotland, orí iyanrìn etí òkun ni wọ́n ti ń gbá a, níwájú ilé ọtí Ship Inn. Ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn leré ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí kí omi tó padà dé. Ẹ wádìí àkókò omi kí ẹ tó gbéra.

Ọmọ Olúmọ:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo kà á sí màámi létí, ibi tí ewúrẹ́ wà ni wọ́n mú. Ará Devon, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ lè dé tòsí? Orúnkún ń dùn wọ́n.

Ará Devon:
Ó dé ibẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà nínú àfonífojì náà. Ẹ mú ìborùn tó nípọn dání fún màmá, atẹ́gùn òkun máa ń tutù níbẹ̀ kódà lásìkò ooru.