Jar mi kì í gbéra lórí sáfà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìkòròdú: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí o. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mò ń ṣe, Java ni mo fi kọ ọ́, Maven ni mo sì fi ń dì í sínú jar, fáìlì kan ṣoṣo tí mo máa ń gbé lọ sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹgbẹ́ á máa lò láti ọ̀nà jíjìn). Àtàárọ̀ ni alága ti ń pè mí, ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ máa wo owó wọn lórí fóònù. Wọ́n tún ti mú iná lọ ní Sábó, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, epo sì wọ́n. Profile méjì, ìyẹn àkójọ ètò, ló wà nínú pom.xml mi, fáìlì tí Maven ń tẹ̀ lé, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà mi, ọ̀kan fún sáfà. Tí mo bá gbé e dé sáfà, "Could not resolve placeholder 'db.url'" ló ń sọ, ìyẹn ni pé kò rí àdírẹ́sì dátábéèsì tó yẹ kó fi dípò db.url. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi!

Ẹ̀gbọ́n Agric: Àbúrò, ṣé `<filtering>true</filtering>` wà lábẹ́ `<resource>`? Òun ló ń jẹ́ kí Maven fi àdírẹ́sì gidi dípò db.url. Láìsí ìyẹn, Maven á kàn da fáìlì náà kọ bó ṣe wà ni.

Ọmọ Ìkòròdú: Ó wà níbẹ̀, sà.

Ìyá Àánú: Ṣé o fi -P pe profile yẹn? activeByDefault, tó ń mú profile kan ṣiṣẹ́ láìpè é, da ọmọ kan láàmú níbi iṣẹ́ wa. Tóo bá ti pe profile mìíràn nínú pom kan náà, ti activeByDefault ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ̀gbọ́n Agric: Filtering ni kó tún yẹ̀ wò dáadáa.

Ọmọ Ìkòròdú: Mo ní ó wà níbẹ̀! `mvn clean package -Psafa` ni mò ń pè.

Bàbá Ìbejì: Kí ló dé tẹ́ ẹ ń kọ́ jar ọ̀tọ̀ fún ibi kọ̀ọ̀kan? Ẹyọ kan ti tó. Kí sáfà fi SPRING_DATASOURCE_URL fún un ní àdírẹ́sì dátábéèsì.

Ẹ̀gbọ́n Agric: Ta ló sọ fún yín pé Spring, ohun èlò Java yẹn, ló ń lò? Ẹ dáhùn ohun tó béèrè.

Ọmọ Ìkòròdú: Spring Boot ni, sà. spring-boot-starter-parent ni parent mi, ìyẹn pom tí tèmi ń jogún ètò rẹ̀. Mi ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Àánú: Ó kàn án gan-an! Parent yẹn ti ní kí Maven fi `${}` sílẹ̀, torí Spring náà ń lò ó. @ ni Maven ń wá. Kọ ọ́ báyìí nínú application.properties, fáìlì ètò Spring:
`spring.datasource.url=@db.url@`
Kọ́ jar náà tán, kóo wo inú rẹ̀ kóo tó gbé e lọ:
`unzip -p app.jar BOOT-INF/classes/application.properties`

Ọmọ Ìkòròdú: Mo ti rí i, àdírẹ́sì sáfà ti wọlé, password náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣeun, mà! Mo ti ju jar náà sórí WhatsApp ẹgbẹ́, kí ọmọ tó ń tọ́jú sáfà gbà á.

Bàbá Ìbejì: WhatsApp tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà?

Ọmọ Ìkòròdú: Ibẹ̀ ni alága ní kí n máa fi í sí, sà. Wọn ò mọ Java.

Bàbá Ìbejì: Àṣẹ unzip tí Ìyá Àánú fún ọ yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè pè é kó sì rí password. Owó olówó ni! Yí password dátábéèsì yẹn padà báyìí. Tuntun, kó wà nínú application.properties lórí sáfà, níbi tí wọ́n ti ń pe `java -jar`. Tibẹ̀ ló máa borí ti inú jar.

Ọmọ Ìkòròdú: Mo ti ń pe ọmọ náà, sà.