PDF, fọ́tò ìwé ìjọba àtijọ́ àti ohùn àwọn àgbà: kí ni mo lè fi tò wọ́n?

omo_omuaran

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìwádìí lórí egúngún Ẹlẹ́wẹ nílẹ̀ Ìgbómìnà ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹrù tó wà nílẹ̀ nìyí: PDF bíi 600, tí ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ "document(3)", fọ́tò ìwé ìjọba láti National Archives ní Kàdúná, ojú ìwé kan sí fọ́tò kan, àti ohùn àwọn àgbà tí mo fi fóònù gbà sílẹ̀ ní Òmù-Àrán, Òró àti Ìgbájà.

Fódà ni mo ń lò. Ìwé tó bá kan Òró tó sì tún kan Ẹlẹ́wẹ, inú fódà méjèèjì ni mo máa ń fi í sí. Bí mo bá wá fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú ọ̀kan, èkejì ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Windows ni kọ̀ǹpútà mi, RAM 4 GB. Mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n á máa gbowó rẹ̀ lóṣooṣù, mi ò sì fẹ́ èyí tí kò ní ṣí bí data bá tán.

Iyeru_Okin

Zotero ni kí ẹ gbé wálẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ìwé ìwádìí ni. Ọ̀fẹ́ ni. George Mason University ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, orí kọ̀ǹpútà yín gan-an ló sì ń kó ẹrù sí, data ì báà wà, kó má wà.

Ọ̀rọ̀ fódà méjì yẹn tán níbẹ̀, nítorí collection inú Zotero kì í ṣe fódà. Ìwé kan lè wà lábẹ́ "Òró", "Ẹlẹ́wẹ" àti "Orí Kejì" lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ ti fàlà sí i, gbogbo wọn lẹ ó ti bá a. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni pípa rẹ́. "Remove Item from Collection" kàn ń yọ ọ́ kúrò ní ibi kan ni. "Move Item to Trash" ń gbé e kúrò níbi gbogbo, bẹ́ ẹ bá sì fi í síbẹ̀ fún 30 ọjọ́, Zotero á dà á nù fúnra rẹ̀.

Ẹ má da 600 sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa fa 30 tàbí 40 wọlé, kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò kí ẹ tó fa òmíràn. Bí PDF bá ní DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ) tàbí ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) nínú, Zotero á fi wá orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé àti ọdún jáde, á sì tún orúkọ fáìlì náà sọ. Íntánẹ́ẹ̀tì ló nílò fún ìyẹn o. Èyí tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ya fọ́tò ìwé, tí kò sí ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ lè fi mouse fà nínú rẹ̀, Zotero ò ní rí nǹkan kan dì mú. Fún ìwọ̀nyẹn, ẹ tẹ àwòrán ọ̀pá kékeré tó wà lókè Zotero, kí ẹ kọ ISBN ẹ̀yìn ìwé sínú rẹ̀. Bí kò bá ní ISBN, ẹ fi apá ọ̀tún mouse tẹ PDF náà, ẹ yan "Create Parent Item", kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Àpilẹ̀kọ oyè ẹ̀kọ́ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ jù. Zotero sábà máa ń fi orúkọ yunifásítì sílẹ̀ lófìfo, ẹ ò sì ní mọ̀ títí dọjọ́ tí àtòjọ ìwé ìtọ́kasí bá jáde nínú Word.

Nǹkan kan tún wà tó ń fara pamọ́: tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú PDF, ojú ìwé 100 àkọ́kọ́ nìkan ni Zotero ń kà bí ẹ kò bá fọwọ́ kan ètò rẹ̀. Àpilẹ̀kọ tó ní ojú ìwé 350 á máa jọ pé kò sọ nǹkan kan nípa Ẹlẹ́wẹ, orí karùn-ún ló sì wà. Ẹ lọ sínú Settings kí ẹ sọ iye yẹn di 500, kí ẹ sì ní kó tún àtòjọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ.

Gaa_Akanbi

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ 300 MB péré ni Zotero ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi tọ́jú PDF lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Google Drive ń fúnni ní 15 GB. Kó kúkú gbé fódà Zotero sínú Google Drive, ó parí.

Iyeru_Okin

Rárá o, àbúrò! Inú fódà yẹn ni zotero.sqlite wà, òun ló mọ ohun gbogbo: collection, tag (ọ̀rọ̀ ìdámọ̀ tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ìwé), àkọsílẹ̀ yín. Bí Zotero bá ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lọ́wọ́ tí Drive náà ń gbé e lọ sókè, ó lè gbé ààbọ̀ rẹ̀, fáìlì náà á sì bàjẹ́. PDF tó wà nínú "storage" ò ní kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú fódà tó ń jẹ́ nǹkan bíi "7KQ2XB9D" ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Ta ló fẹ́ wá tò wọ́n padà?

Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe: ẹ jẹ́ kí Zotero máa mú àkọsílẹ̀ lọ sókè, ìyẹn ò sí lára 300 MB. Nínú Settings, ẹ yọ àmì kúrò níwájú mímú fáìlì lọ sókè, kí PDF má bàa bá a lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pa Zotero dé pátápátá, ẹ da gbogbo fódà Zotero kọ sórí hard disk ìta. Tẹ́ ẹ bá wá sọ ẹ̀dà yẹn di zip tẹ́ ẹ gbé e sí Drive, kò séwu, torí nǹkan kan ò kọ̀wé sínú zip.

akowe_tanke

Kí n mú ti fọ́tò Kàdúná. Abẹ́ Àríwá ni Ìlọrin Province wà láyé òyìnbó, ìdí nìyẹn tí ìwé rẹ̀ fi wà ní Kàdúná tí kò fi sí ní Ìbàdàn. Ẹ má kó fọ́tò tààrà sínú Zotero, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kún fún IMG_4471. Tropy, ètò tí wọ́n fi ń to fọ́tò ìwé, ni wọ́n ṣe fún irú rẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ kó fọ́tò wọlé, ẹ yan gbogbo ojú ìwé tó jẹ́ ti lẹ́tà kan, kí ẹ tẹ "Merge", wọ́n á di ẹyọ kan. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára páálí fáìlì náà sí i, bí àpẹẹrẹ ILORPROF àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Fọ́tò tí kò ní nọ́ńbà yẹn, ẹ ò lè tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ yín, bó ti wù kó dáa tó.

Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀, ẹ lè sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà. Ẹ kó fọ́tò rẹ̀ sínú PDF kan, kí ẹ lo OCRmyPDF, ètò tó ń sọ ọ̀rọ̀ inú àwòrán di ọ̀rọ̀ tí a lè wá. Àṣẹ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ nìyí:

ocrmypdf -l eng+yor --deskew wole.pdf jade.pdf

"yor" ni èdè Yorùbá nínú Tesseract, ẹ̀rọ ìkàwé tí OCRmyPDF ń lò. Ẹ ní láti gbé e wálẹ̀ lọ́tọ̀. Kí àwòrán tó 300 dpi (bó ṣe mọ́ kedere tó), kí òjìji ọwọ́ yín má bo ọ̀rọ̀. Àmì tí akọ̀wé ayé ìgbà yẹn fi bírò fi kún lẹ́yìn tó tẹ̀wé tán, kò ní rí i dáadáa. Ìwé àfọwọ́kọ ńkọ́? Ẹ fojú ara yín kà á, kí ẹ fọwọ́ tẹ kókó rẹ̀ síbi àkọsílẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà.

omo_omuaran

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan: kí ló dé tí mo bá wá "Ẹlẹ́wẹ" nínú PDF, tí mo ń fojú mi rí i lójú ìwé, tó ní kò sí?

akowe_tanke

Ojú wa ló rí ọ̀kan náà, kọ̀ǹpútà ò rí i bẹ́ẹ̀. "ẹ́" ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àtòjọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹnì kan lè tẹ ẹ U+1EB9, kó fi àmì òkè U+0301 lé e. Ẹlòmíràn á tẹ e lásán, á fi àmì abẹ́ U+0323 sí i kó tó fi ti òkè. Àwọn mìíràn máa ń fi ìlà kékeré U+0329 sábẹ́ rẹ̀ dípò àmì tó yẹ. Ohun tí wọ́n ń pè ní NFC, ìlànà fún sísọ ọ̀nà ìkọ̀wé tó yàtọ̀ dọ̀kan, lè sọ méjì àkọ́kọ́ dọ̀kan, kò lè tún ìkẹta ṣe. Ìwé tí wọ́n fi fọ́ǹtì àtijọ́ kọ tún burú jù ú lọ: lẹ́tà òyìnbó ló wà nínú, fọ́ǹtì ló ń ya Yorùbá sí wa lójú.

Nítorí náà, keyboard kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa lò fún ohun tẹ́ ẹ bá kọ fúnra yín. Yorùbá wà nínú àwọn tí Windows gbé wá. Kí gbogbo tag yín wà láìní àmì: elewe, oro, igbaja. Orúkọ fáìlì náà bẹ́ẹ̀, ọdún ni kó ṣáájú: 2024-03-17_oro_01.m4a.

Iyeru_Okin

Mo fẹ́ gbàgbé ti ohùn. Irú "Interview" ni kẹ́ ẹ yàn nínú Zotero. Ẹ fi "Attach Link to File" so ohùn mọ́ ọn, torí m4a wákàtí kan lè jẹ́ 30 sí 60 MB, WAV sì lè lé ní 600. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti so ó, ẹ ò gbọdọ̀ gbé fáìlì náà kúrò níbi tó wà, kò sì sí lára fódà Zotero tẹ́ ẹ ń dà kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fódà tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dé orí hard disk yẹn. Nínú note rẹ̀, ẹ kọ àkókò ṣáájú ọ̀rọ̀: 00:14:20, oríkì, 00:31:05, aṣọ Ẹlẹ́wẹ.