Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ pàgọ́, a ò ṣe é rí

Ìyá Méjì:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ pàgọ́, ìkan jẹ́ ọmọ ọdún 4, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 9. Kò sẹ́ni tó sùn nínú àgọ́ rí nínú wa. Ọkọ mi ti ń wo àgọ́ kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo èyí tó bá rí ló dáa lójú ẹ̀, ó sì ní ọjọ́ márùn-ún gbáko la máa lò. Èmi ń bẹ̀rù òtútù, mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ kórìíra ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ló yẹ ká rà, kí ni ká fi sílẹ̀, irú ibo ló dáa kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ká lọ gba hòtẹ́ẹ̀lì o 😂

Bàbá Àgọ́:
Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé ọjọ́ márùn-ún ti pọ̀ jù. Alẹ́ kan, ó pọ̀ tán méjì, níbi tí ò jìnnà sílé, tó fi jẹ́ pé tí nǹkan bá dàrú láago méjì òru, ẹ máa kó ẹrù sínú mọ́tò ni, ẹ máa lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ lọ síbi tí wọ́n dìídì ṣe fún ìpàgọ́, tó ní omi ẹ̀rọ àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ fi inú igbó gidi sílẹ̀ di ìgbà mí ì.

Ní ti àgọ́, iye èèyàn tí wọ́n kọ sára páálí yẹn, ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́ni mẹ́rin túmọ̀ sí èèyàn mẹ́rin tó há mọ́ra wọn, kò sáàyè báàgì, kò sáàyè bàtà, kò sáàyè ọmọ tó ń ta ẹsẹ̀ lójú oorun. Ẹ̀yin mẹ́rin, ẹ wá ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ẹ tún wò ó bóyá ìbòrí òde ẹ̀ bò ó dé ìsàlẹ̀, torí àwọn kan wà tó jẹ́ òkè nìkan ló dé bíi fìlà, òjò tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, inú ilé ló ń bọ̀ tààrà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ yín bóyá wọ́n lè yá yín, tàbí kẹ́ ẹ háyà ẹ̀. Tó bá sì ti dọ́wọ́ yín, ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan nílé kẹ́ ẹ tó lọ. Ọkùnrin tó ń fi tọ́ọ̀ṣì ka ìwé bí wọ́n ṣe ń to àgọ́, tí ọmọ ń sunkún, tí ìyàwó ń wò ó láìsọ̀rọ̀... ẹ jẹ́ n panu mọ́.

Ẹyẹ Òwúrọ̀:
Àgọ́, àgọ́, àgọ́. Oorun gan-an lọ̀rọ̀ wà jàre. Táwọn ọmọ bá ti sùn dáadáa, gbogbo nǹkan tó kù ṣeé fara dà.

Ilẹ̀ tútù máa ń fa ooru ara èèyàn gan-an. Ẹ lè da bláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta bora, tí ò bá sí nǹkan gidi lábẹ́ yín, ẹ máa gbọ̀n dàárọ̀ ni. Àpò ìsùn (sleeping bag, èyí téèyàn ń wọnú ẹ̀ sùn) náà ò gbà yín níbẹ̀, torí apá tẹ́ ẹ bá sùn lé ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, kò lè gba òtútù dúró mọ́. Ẹní fóòmù lẹ nílò, kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà R-value tó wà lára ẹ̀, bó ṣe ga tó ló ṣe ń dènà òtútù tó. Bẹ́ẹ̀dì ńlá tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí yẹn rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ tílẹ̀ bá ti tutù, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ náà á tutù, àfi kẹ́ ẹ tẹ́ fóòmù lé e lórí.

Lára àpò ìsùn, ẹ máa rí ìwọ̀n òtútù méjì lọ́pọ̀ ìgbà, comfort (òtútù tí èèyàn ṣì lè sùn dáadáa nínú ẹ̀) àti limit (ibi tí àpò yẹn lè fara dà á dé). Comfort ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo ìkejì. Kí oníkálùkù sì pààrọ̀ aṣọ kó tó sùn, títí dórí ìbọ̀sẹ̀, torí aṣọ òwú tó bá ti gba òógùn ò lè móoru mọ́, kì í sì í tètè gbẹ.

Káyéfì:
Ẹ ò jẹ́ fi àlàyé dá àwọn èèyàn níjì. Tí òtútù bá mú, ẹ gbé ìkòkò èédú kékeré sínú àgọ́ fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn. Á móoru. Ó parí.

Bàbá Àgọ́:
RÁRÁ O. Ìyá Méjì, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ láéláé. Èédú, sítóòfù gáàsì, jẹnẹrétọ̀, gbogbo nǹkan tó bá ń jó ló lè tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tó bá ti sùn ò ní mọ̀ títí táá fi pa á. Èédú tẹ́ ẹ rò pé ó ti ń kú gan-an ṣì ń tú u síta, ṣíṣí síìpù díẹ̀ ò sì gbani. Tó bá jẹ́ ooru lẹ fẹ́, ẹ bu omi gbígbóná sínú ìgò tí ìdérí ẹ̀ le dan-in, ẹ kì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ tì í sínú àpò ìsùn ọmọ.

Ìyá Méjì:
Háà! Mo ti kà á sétí ọkọ mi, torí ó ti rí sítóòfù kékeré kan tó ní a máa fi se tíì nínú àgọ́. Òjò ńkọ́? Àti pé àbúrò yìí máa ń jí tọ̀ lóru, òkùnkùn sì ń bà á lẹ́rù.

Onísùúrù:
Ti ìtọ̀, ẹ gbé póò dání, ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà àgọ́, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa wọ́ ọmọ ọdún 4 lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì láàjìn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tọ́ọ̀ṣì ti ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́rí, kó sì wà níkàáwọ́ ẹ̀ látalẹ́. Ẹ̀rù máa ń dín kù tó bá jẹ́ òun ló ń tàn án tó ń pa á (bátìrì á tètè tán ṣá, ẹ mú òmíì dání).

Tòjò, ibi tẹ́ ẹ pàgọ́ sí ló ṣe pàtàkì jù. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì ga díẹ̀, ẹ sá fún kòtò àti etí odò, kẹ́ ẹ sì gbójú sókè wò ó bóyá ẹ̀ka gbígbẹ kankan ń dúró dè yín. Tapólì tẹ́ ẹ bá tẹ́ sábẹ́, ẹ ká etí ẹ̀ wọ abẹ́ àgọ́, tó bá yọ síta ó máa gbe omi òjò wọ abẹ́ yín ni. Èèkàn náà, ẹ jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀, kí orí ẹ̀ yẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àgọ́. Tẹ́ ẹ bá jí tẹ́ ẹ rí omi lára ògiri àgọ́ láìjẹ́ pé òjò rọ̀, kò jò o, èémí yín ni, èèyàn mẹ́rin mí sínú ibì kan mọ́jú. Ẹ má ti fèrèsé ẹ̀ pa tán.

Ààrá ni kẹ́ ẹ má fi ṣeré. Àgọ́ ò lè gbà yín lọ́wọ́ mànàmáná. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ ààrá, inú mọ́tò ni kí gbogbo yín wà, kẹ́ ẹ sì dúró di 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tẹ́ ẹ gbọ́ kẹ́yìn.

Ọdẹ Ìsinmi:
Ẹ tètè dé, kí oòrùn ó ṣì wà lókè dáadáa. Ẹ se oúnjẹ alẹ́ àkọ́kọ́ látilé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dì nínú fírísà, òun náà á máa ṣiṣẹ́ yìnyín nínú kúlà. Oúnjẹ kankan ò gbọdọ̀ sùn nínú àgọ́ o, títí kan bisikí tọ́mọ fi pamọ́, inú mọ́tò ni, torí eku àti èèrà. Tẹ́ ẹ bá dáná, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún da omi, tí eérú ẹ̀ bá ṣì gbóná lọ́wọ́, kò tíì kú. Kẹ́ ẹ sì fún ẹ̀gbọ́n níṣẹ́, òun ni kó máa gún èèkàn.

Ẹyẹ Òwúrọ̀:
Ẹ tún tẹ́ àgọ́ síta kó gbẹ tẹ́ ẹ bá délé, pàápàá tó bá jẹ́ àyálò. Tó bá wà nínú báàgì ní tútù, á hu èébu, òórùn yẹn ò sì ní lọ bọ̀rọ̀.