Kí ló dé tí Aso Rock ń ra sólà, táwa sì ń san owó Band A?

Ìyá Ẹlẹ́ja Tútù

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú wá síbí torí èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ẹja ni mò ń tà. April 2024 ni wọ́n sọ àdúgbò wa di Band A, ìyẹn ìpele àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù, bí owó iná ṣe kúrò ní nǹkan bíi náírà 68 lórí yúníìtì kan nìyẹn tó fò dé náírà 225, wọ́n wá já a wálẹ̀ díẹ̀ sí nǹkan bíi 207 lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti pariwo. Wọ́n ní a ó máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́. Mo gbà. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, iná yẹn kọ́kọ́ ń wá gidi, àwọn tó ń ta áísì bùlọ́ọ̀kù gan-an ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò wá ra yìnyín lọ́dọ̀ wọn mọ́. Ní báyìí ńkọ́? Mo ra iná ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́jọ́ kan, owó wà nínú mítà, iná ni ò sí. Nígbà tí mo máa fi ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, títúsì tó wà nísàlẹ̀ fríísà ti rọ̀ bíi fùfú, omi pupa ti ṣàn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ológbò ilé kejì ti jókòó síbẹ̀ tó ń lá a.

Mo wá gbọ́ pé nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025, bílíọ̀nù 10 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi ṣe sólà sí Aso Rock. Ìbéèrè mi ò ju ìyẹn lọ: tọ́jà tí wọ́n ń tà fún wa bá dáa, kí ló dé táwọn fúnra wọn ń wá ibòmíì rà?

Baba Jẹ́nẹ́

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánù ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ jẹ̀bi! Ṣé ẹ ò gbọ́ nígbà tí mínísítà iná ìgbà náà, Adelabu, ọmọ-ọmọ Pẹnkẹlẹmẹẹsi tiwa n'Íbàdàn, sọ lọ́dún 2024 yẹn pé torí iná rọ̀ wá lọ́rùn la fi ń jáde nílé tá a máa fi fríísà sílẹ̀ lórí iná, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó wà nínú ẹ̀ ti dì gbagidi? Wọ́n ti wá bá yín pa á báyìí, ẹ ń ráhùn.

Ní ti Aso Rock, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ra sólà o jàre. February 2024 ni iléeṣẹ́ tó ń pín iná l'Ábújá gbé orúkọ àwọn ajẹgbèsè jáde gbangba, Aso Rock wà níbẹ̀, iye tí wọ́n kọ síwájú wọn lé ní mílíọ̀nù 900 náírà. Wọ́n jókòó, wọ́n jọ ṣírò ẹ̀, ó di mílíọ̀nù 342, ààrẹ ní kí wọ́n san án. Ohun tó dùn mí nínú ẹ̀ ni ìṣirò yẹn. Nígbà tí wọ́n ní èmi jẹ ẹgbẹ̀rún méjìlá, tí mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká jókòó ṣírò ẹ̀, ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ti wà lókè àkàbà, ó ní kí n fún òun ní páláyà tó bọ́ lọ́wọ́ òun.

Tísà Ajélẹ́tì

Ẹ má tíì sọ mí lókò o. Sọ́bùsídì tí wọ́n yọ yẹn, èmi ò sunkún ẹ̀. Owó tí ìjọba ń fi kún owó iná tẹ́lẹ̀, ta ló ń jẹ ẹ́ jù? Ẹni tó ní AC nínú yàrá gbogbo. Ẹni tó wà ní Band E tó ń rí wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, èwo ló fẹ́ jẹ níbẹ̀? Àwọn NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ iná, ní àwọn oníbàárà tí owó tuntun yẹn kàn ò ju bíi 15% lọ. Títí débẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn yé mi.

Ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́ ni pé owó ló kọ́kọ́ lọ sókè, wáyà àti tàrànsífọ́mà dúró síbi tí wọ́n wà. November 2013 ni wọ́n ti ta ìpín iná fáwọn aládàáni, àwọn òpó ńláńlá tó ń gbé iná káàkiri ìlú ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, tí iná bá lọ báyìí, kálukú á nawọ́ sí ẹnì kejì. Ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ń rí lò kì í sábà kọjá mẹ́gáwáàtì 4,000 sí 5,000, fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200! Lọ́dún 2024 náà ni gíríìdì, ìyẹn àwọn òpó ńláńlá yẹn lápapọ̀, ń ṣubú léraléra títí kò fi jẹ́ ìròyìn mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja, òfin kan wà tí wọn kì í pariwo ẹ̀. Tí Band A ò bá pé wákàtí 20 fọ́jọ́ méjì léra, iléeṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ wá sọ ìdí ẹ̀ síta. Tó bá pé ọjọ́ méje léra, wọ́n gbọ́dọ̀ já yín wálẹ̀ sí band tó bá iná tẹ́ ẹ ń rí mu, owó náà á sì wálẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ aago tó dé àti aago tó lọ.

Ọmọ Adó

Tísà ti sọ̀rọ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ má kó ojú sí Àbújá nìkan o. Látìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin iná ti 2023, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè dá ọjà iná tiẹ̀ sílẹ̀, Èkìtì tiwa àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ ẹ̀ lọ́wọ́ NERC. Tí gómìnà bá wá ṣí bọ́hóòlù ládùúgbò yín pẹ̀lú onílù àti kámẹ́rà, ẹ bi í pé iná wo ló máa fa omi ẹ̀ jáde.

Ẹ̀gbọ́n Mandate

Ẹ fi Bàbá sílẹ̀ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ọ̀tá ìlọsíwájú.

Ìyá Ẹlẹ́ja Tútù

Bàbá wo? Mo dárúkọ ẹnì kan ni? Ẹja ni mo dárúkọ.

Tísà, ẹ ṣé gan-an. Màá ra ìwé yẹn. Ẹ ṣáà jẹ́ kó yé mi, iná tó wá tí kò lágbára láti yí fáànù, tí gílóòbù kàn ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wákàtí yẹn náà ń kà?

Tísà Ajélẹ́tì

Ẹ kọ ìyẹn sí ojú ewé tiẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ má pa á pọ̀ mọ́ iná gidi. Kẹ́ ẹ sì máa ya fọ́tò mítà, torí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ mú ẹ̀rí wá.

Baba Jẹ́nẹ́

Kẹ́ ẹ ya ológbò náà mọ́ ọn. Ẹlẹ́rìí ni.