Ìṣèpinnu ni o, kì í ṣe ìpinnu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ẹdẹ ní kí á máa pe bí àwọn ọ̀gá dókítà ṣe ń wọn làákàyè dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ, nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an nínú tíátà, ní "ìdánwò ìpinnu". Wọ́n ní ó ṣe ṣókí. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú láti ìjẹta. Ilé là á wò.

Níbo ni "ṣe" wà? Ìlú yàtọ̀ sí ìṣèlú, ìjọba yàtọ̀ sí ìṣèjọba. Ìpinnu ti parí. Ohun tí wọ́n ń wọn ní tíátà kò tíì parí. Ìṣèpinnu ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi àmì ìsàlẹ̀ sórí "ṣè": fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ ìpinnu lọ, ohùn rẹ̀ kò lọ.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní NOTSS, tí wọ́n fi ń wọn làákàyè àti ìṣesí oníṣẹ́ abẹ lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe já fáfá tó, tí Yunifásítì Aberdeen àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣẹ́ abẹ ti Edinburgh jọ ṣe ní Scotland, máàkì 1 sí 4 ló ń fúnni. Lábẹ́ ìṣèpinnu, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń wọn, ó ń wò ó bóyá dókítà gbé àwọn ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ yẹ̀ wò, bóyá ó mú ọ̀kan tó sì sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, bóyá ó tún un yẹ̀ wò bó ti ń ṣe é lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbogbo wọn!

Ẹ wo ẹni tó ń fi kámẹ́rà yọ àpò òróòro láti ojú ihò kéékèèké. Ẹran ibẹ̀ ti wú, ó ti lẹ̀ mọ́ra, kò yé e mọ́ èwo ni ọ̀nà kékeré tó yẹ kó gé, èwo ni ọ̀nà ńlá tí òróòro ń gbà ti ẹ̀dọ̀ wá. Ṣé kó gé e? Ṣé kó la ikùn? Ṣé kó pe ọ̀gá? Bó bá gé e láìdá a mọ̀, tó sì bọ́ sí i, aláìsàn á lọ sílé láyọ̀. Ìpinnu rẹ̀ já sí rere. Ìṣèpinnu rẹ̀ kù káàtó.

Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Òṣogbo níbí, aláró ni wọ́n. Wọn kì í dúró di ìgbà tí aṣọ bá gbẹ kí wọ́n tó mọ ọmọ tó gbọ́n. Ìgbà tí ọmọ bá yọ aṣọ nínú ìkòkò ni wọ́n ń wò.

"Ìdánwò" náà kò bá a mu. Ìdánwò ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìgbéléwọ̀n ti wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ wa tipẹ́. Ìgbéléwọ̀n ìṣèpinnu, ibẹ̀ ni mo fọwọ́ sí.

Ẹni tó sì ní kí á má pe irú dókítà bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ torí pé ó ti gboyè, mi ò gbà. Oyè dókítà ló ní, kò tíì gba ti iṣẹ́ abẹ. Kí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí wa kọ́kọ́ dá wa lóhùn lórí "ṣe" yẹn ná, kí á tó máa ka iye ọdún.